Oníṣòwò Owódé, ta ni yóò yan ọjọ́ ìsinmi rẹ?

Ní Owódé Yewa, lójú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, kì í rọrùn fún oníṣòwò láti ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá tì í yóò máa rò pé oníbàárà òun ti yà sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń jẹun nídìí ọjà, tí ọmọ wọn ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá ráyè jókòó sílé dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ìyẹn ní ìsinmi? Gbèsè ń pè, owó oúnjẹ ń wọ́n. Ìgbà tí ọjà ṣì ń tà ló yẹ kí oníṣòwò fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tí yóò sinmi.

Àwọn àgbà mọ ètò yìí. Ọjà ọrún kì í ná lójoojúmọ́. Ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó tún ná. Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín ni wọ́n fi ń lọ oko, tí wọ́n fi ń lọ òde (àfi alájàpá tó ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn). Ṣọ́ọ̀bù ojoojúmọ́ ti gba àwọn ọjọ́ yẹn lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọ iye tó tà sínú ìwé fún oṣù méjì yóò rí ọjọ́ tí títà rẹ̀ kéré jù. Ọjọ́ náà ni kó tì, kó sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kí oníbàárà má baà rìnrìn òfo.

Ní ti òṣìṣẹ́, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1974 fún un ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ẹni tó bá sì ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, tí yóò fi sinmi tí owó rẹ̀ kò ní dín. Kò sí òfin tó ń lé ọ̀gá lọ sílé ní tirẹ̀. Ohun tó sábà ń dá a dúró ni pé kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni pẹ̀lú owó. Kó fi ìdajì ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀: kó ka ọjà kó tó jáde, kó sì tún un kà tó bá dé.