Nígbà Tí Omi Bá Fà Tán: Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ní Ẹbí ní Òkè Ọya

Bí omi bá yalé ní Òkè Ọya, kì í pẹ́ tí fídíò rẹ̀ fi ń dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti dáwó, dúróòmù aṣọ sì ti kún. Tí omi bá wá fà, fídíò á dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ á tutù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tutù yẹn ni àìsàn ń gbérí, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín dé ilé. Ẹ wo Maiduguri. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni dáàmù Alau ya, tí àwọn tó lé ní 400,000 sá kúrò nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ìjọba Borno kéde àrùn onígbáméjì. Ní 2022, tí odò Ọya àti Benue jọ kún, tí omi gba Lokoja, àwọn tó kú káàkiri Nàìjíríà lé ní 600, àwọn tó sì filé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti 400,000. Òkú tí omi gbé lọ ni a máa ń kà. Èyí tí kànga pa lẹ́yìn oṣù kejì kì í sábà wọ ìròyìn.

Kànga lọ̀rọ̀ wà. Ní abúlé, kànga àti ṣáláńgá kì í jìnnà síra wọn. Tí àkúnya bá bo méjèèjì, ohun tó wà nínú ọ̀kan ti wọ inú èkejì, bí omi náà tilẹ̀ padà mọ́ lójú. Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Kí ilẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ díẹ̀, nítorí kànga tí a bá fà gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mu omi yó lè ya lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn ó fa omi rẹ̀ tán, wọn ó kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, wọn ó fi omi oníkloríìnì fọ ògiri rẹ̀. Tí omi tuntun bá sun, wọn ó da kloríìnì sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní fà á títí di ọjọ́ kejì. Wọn ó tún wá fà á dànù títí òórùn oògùn yóò fi lọ. Kí iṣẹ́ yìí tó parí, kí wọ́n máa se omi mímu títí yóò fi hó yaya.

Àwọn kan á ní omi tí àwọn ti ń mu láti kékeré kò lè ṣe àwọn ní nǹkan. Apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí ti dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1854, ilé-iṣẹ́ méjì ló ń ta omi níbí. Southwark and Vauxhall ń fa tiwọn láti inú Thames ní Battersea, níbi tí ìgbẹ́ ìlú ti ń ṣàn wọlé. Lambeth ti gbé ibi tí wọ́n ti ń fà á lọ sókè odò ní 1852. Dókítà John Snow ka àwọn tí onígbáméjì pa ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé 10,000 tó ń mu omi ti àkọ́kọ́, ènìyàn 315 ló kú; nínú 10,000 tó ń mu ti èkejì, 37 péré. Aládùúgbò ni wọ́n, òmíràn ò ju ògiri kan lọ síra wọn. Àwọn náà ti ń mu odò wọn láti kékeré.

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, dé ààyè kan. Kò sí mọ̀lẹ́bí tó lè dá omi dáàmù Lagdo ti Cameroon dúró, dáàmù tó sì yẹ kí Nàìjíríà fi gbà á ní Dasin Hausa kò tíì parí. Ṣùgbọ́n gómìnà kan kò ní wá fọ kànga inú àgbàlá yín. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ará ilé á ná owó sí nǹkan mìíràn, ẹ̀rù náà ní ìdí, àmọ́ dúróòmù kọ́ ni ojútùú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń lò lórí òkun, aṣọ kì í sì í pa kòkòrò inú omi. Ẹ pín owó náà. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oúnjẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún agbẹ́kànga, kloríìnì, àwọ̀n ẹ̀fọn àti irúgbìn, kí ẹ sì san án bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí kan ará Èkó pàápàá: ní Mokwa, níbi tí àkúnya ti pa ènìyàn tó lé ní 200 ní ìparí oṣù Karùn-ún 2025, ni àwọn àgbẹ̀ ti ń ta ẹ̀wà àti àlùbọ́sà fún àwọn oníṣòwò gúúsù.

Ẹ kọ́ ará ilé ní èyí lórí fóònù: bí ẹnikẹ́ni bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó dà bí omi ìrẹsì, kí wọ́n po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò ga lórí ṣíbí, mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí ó máa mu ún títí wọn yóò fi gbé e dé ọsibítù.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ lọ, ẹ rí dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni àjẹsára táífọ́ọ̀dù àti ti onígbáméjì lọ́dọ̀ NHS, fún ẹni tó bá tọ́ sí. Oògùn tí kò ní jẹ́ kí ibà mú yín ni ẹ ó fowó ra. Ẹ má sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí yín. Ara tó ti pẹ́ níbí kò mọ ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ́, àwọn tó lọ kí ẹbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ ilẹ̀ yìí. Bí ara yín bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ dé, ẹ pe 111 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀.