Ìwé Ìrànwọ́ Nìkan Ò Tó: Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìdánwò AP lórí Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-Ajé

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni àwọn kan nínú yín ti ń wá bá mi nípa ìdánwò AP tí àwọn òbí wọn fẹ́ kí wọ́n ṣe, torí pé wọ́n fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn ni pé, "Sà, ìwé ìrànwọ́ wo ni ká rà?" Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù: tí ẹ bá ti rà á tán, báwo lẹ ṣe máa lò ó?

Kí ni ìdánwò náà?

College Board ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, ní oṣù karùn-ún lọ́dọọdún. Méjì ni ti ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé. Microeconomics dá lé ẹni tó ń rà, ẹni tó ń tà àti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Macroeconomics dá lé ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Apá méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Apá kìíní jẹ́ objective: ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 70, òun ló sì kó ìdá méjì nínú mẹ́ta máàkì. Apá kejì jẹ́ ìbéèrè 3 tí a ó kọ ìdáhùn wọn fúnra wa ní wákàtí kan. Láti 1 dé 5 ni èsì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ máa ń ka ẹni tó bá gba 3, 4 tàbí 5 sí ẹni tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà tán. Ìyẹn ni pé kọ́ọ̀sì kan ti kúrò nílẹ̀, owó rẹ̀ náà sì lè kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń sáré sí i. Àmọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu tirẹ̀. Dartmouth, fún àpẹẹrẹ, kò ka AP mọ́ iye kọ́ọ̀sì tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó gboyè mọ́, láti orí àwọn tó wọlé lọ́dún 2014. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó san owó ìdánwò, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ tó ń fojú sọ́nà fún kọ sílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé

Ohun mẹ́ta ló máa ń wà nínú ìwé ìrànwọ́, bíi ti Barron's tàbí Princeton Review: àkópọ̀ ẹ̀kọ́, ìdánwò ìdánrawò, àti ìdáhùn pẹ̀lú àlàyé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Wọ́n á máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn, kí wọ́n sì tó dé ibi tí ìbéèrè wà, ìdánwò ti kanlẹ̀kùn. Ohun tí a bá ti kà lẹ́ẹ̀mejì máa ń dà bí ohun tí a mọ̀. Ojú ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tó bá wá ṣe nìyí:

1. Ẹ ṣe ìdánwò ìdánrawò kan lódindi kí ẹ tó ka ohunkóhun. Ẹ gbé aago síwájú. Tí ẹ bá gba 20 nínú 60, kò burú rárá, torí ẹ ń wá ibi tó ń jò ni.

2. Ẹ pín ohun tí ẹ kùnà sí mẹ́ta: èyí tí ẹ ò mọ̀ rárá, èyí tí ẹ mọ̀ àmọ́ tí ẹ ṣi ìbéèrè rẹ̀ kà, àti èyí tí àkókò ò jẹ́ kí ẹ dé. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ń fẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ gan-an àti olùkọ́, àkópọ̀ ojú ìwé méjì ò lè tó o. Èkejì ń fẹ́ sùúrù. Ẹ̀kẹta ń fẹ́ kí ẹ máa fi aago ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ fi orí-ire mú, ẹ kà á mọ́ èyí tí ẹ kùnà.

3. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín máàkì. Nínú Macroeconomics, ọ̀rọ̀ owó àti báńkì jẹ́ ìdá 18 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè objective. Ohun tí ètò ìjọba máa ń yọrí sí nígbà tó bá pẹ́ jẹ́ 20 sí 30. Àwọn ìpìlẹ̀ tó wà ní orí kìíní jẹ́ 5 sí 10 péré. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí orí kìíní ti náwó sí ibi tí èrè kéré.

4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe òmíràn, kí ẹ sì fi wé ti àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀kan kù o: wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo.

Apá kejì kì í ṣe theory ti WAEC

Nínú theory ti WAEC, a ti mọ́ ọn lára láti sọ ìtumọ̀, ká to kókó márùn-ún, ká sì ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. AP ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gígùn kan wà tó gba máàkì 10, kúkúrú méjì sì gba 5-5. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ya gíráàfù, orúkọ gbọ́dọ̀ wà lára ìlà kọ̀ọ̀kan àti òpó méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máàkì á lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣàlàyé, gbólóhùn kan tàbí méjì tó sọ ohun tó fà á ti tó.

College Board máa ń gbé ìbéèrè apá kejì ti àwọn ọdún tó kọjá jáde lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe fún wọn ní máàkì. Kò sí ìwé ìrànwọ́ tó lè fi ohun tí olùmáàkì ń wá hàn yín tó èyí. Ẹ lè tẹ̀ wọ́n jáde ní yàrá kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa lò wọ́n nígbà prep.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà

Ìwé àlòkù pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì wọ́n, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Nílé wa níbí, CBN ṣì máa ń pàṣẹ ìdá kan nínú owó àwọn oníbàárà tí báńkì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Federal Reserve ti sọ iye yẹn di 0 láti oṣù kẹta ọdún 2020. Èlé tó ń san fún àwọn báńkì lórí owó tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi ń darí èlé nílùú báyìí. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023 ni AP ti fi èyí kún Macroeconomics. Ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn lè má ní i rárá.

Ẹ fi Yorùbá dán ara yín wò

Ibí yìí ló kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ẹni tó há ìtumọ̀ sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ ohun tó há. Tí ẹ bá ka orí kan tán, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há yín lẹ́nu, ibẹ̀ ni ò tíì yé yín.

Ẹ wo "ó wọ́n." Tí a bá ní nǹkan wọ́n, ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ga, ó sì lè jẹ́ pé a ò rí i rà. Nínú ìdánwò yìí, ọ̀tọ̀ ni scarcity, ọ̀tọ̀ ni shortage, ọ̀tọ̀ sì ni kí owó ọjà ga. Scarcity ni pé ohun tí a fẹ́ pọ̀ ju ohun tó wà lọ. Ọlọ́rọ̀ náà ò bọ́ nínú ẹ̀, torí wákàtí 24 ni tiẹ̀ náà. Shortage ni pé ní iye owó kan pàtó, ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ rà pọ̀ ju ohun tí àwọn tó ń tà gbé jáde. Bí ìjọba bá de owó epo mọ́lẹ̀ jù, ìlà á gùn nílé epo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ sí nǹkan bíi ₦500. Ìyẹn ni kí owó ọjà ga. Ẹni tó fi "ó wọ́n" kan ṣoṣo túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kọsẹ̀ níbi ìbéèrè lórí price ceiling.

Ẹ tún wo opportunity cost: ohun tí a pàdánù ká tó rí òmíràn mú. Ká ní láàárín wákàtí kan, Àjàó lè fọ ṣẹ́ẹ̀tì 6 tàbí kó fi áyọ́ọ̀nù lọ 3. Bọ́lá lè fọ 4 tàbí kó lọ 4. Kí Àjàó tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ti pàdánù fífọ ṣẹ́ẹ̀tì 2. Bọ́lá ò pàdánù ju 1 lọ. Nítorí náà, kí Bọ́lá dúró ti áyọ́ọ̀nù, kí Àjàó máa fọ aṣọ. Ìwé ìrànwọ́ á fún yín ní ọgbọ́n àhásórí tí ẹ ó fi rí ìdáhùn yìí. Ẹni tó bá lè sọ ọ́ báyìí ò nílò rẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n bá sì yí padà ò ní dẹ́rù bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ò lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Bákan náà ni ẹ ṣe lè múra fún WAEC àti JAMB, tàbí fún JUPEB àti IJMB tó lè gbé yín wọ 200 level. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó mú kókó kan wá sí ìpàdé wa, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ JSS1. Tó bá yé wọn, ó ti yé òun náà nìyẹn.