Àwo Ìrántí Ogun Ojú Omi àti Ìtàn Ẹnu Ará Ìlú: Láti Èkó dé Ẹ̀rúnmu

Ìfáàrà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń lo ohun èlò ilé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nínú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni àwo, ife àti jọ́ọ̀gì tí àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, tí wọ́n fi ń yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun àwọn ológun ojú omi. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ogun; ẹlẹ́rìí ẹni tí ó sanwó rẹ̀ ni. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò kọ ìtàn ìlú oko bí Ẹ̀rúnmu, ní agbègbè Ẹgbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn. Àwo ìrántí kò ṣọ̀wọ́n nínú ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ayé àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ kò tó nǹkan.

Àwọn Amọ̀kòkò àti Ọjà Ìṣẹ́gun

Ní ọdún 1739, Ọ̀gágun Edward Vernon fi ọkọ̀ ogun mẹ́fà gba Porto Bello lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Láìpẹ́, ife àti ìkòkò tíì tí wọ́n ya àwòrán ìṣẹ́gun náà sí ti dé ọjà. Nígbà tí Vernon kọjú sí Cartagena ní 1741, àwọn kan tilẹ̀ rọ àmì-ẹ̀yẹ onídẹ tí ó fi í hàn bí aṣẹ́gun níbẹ̀. Vernon kò gba ìlú náà, ṣùgbọ́n àmì-ẹ̀yẹ wọ̀nyí wà títí di òní.

Ọgbọ́n títẹ àwòrán sára àwo ni ó jẹ́ kí òwò yìí gbilẹ̀. Wọn a fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ, wọn a fi àwọ̀ kùn ún, wọn a tẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí wọ́n tó wá lẹ bébà náà mọ́ ara àwo. Iná ni yóò sì mú kí àwọ̀ náà dúró. Ní 1756, John Sadler àti Guy Green búra ní Liverpool pé láàárín wákàtí mẹ́fà, àwọn ti tẹ àwòrán sára amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ògiri, tí iye rẹ̀ ju 1,200 lọ. Nígbà tí Nelson fi ṣẹ́gun lẹ́nu odò Náílì ní 1798, tí ó sì kú sí ogun Trafalgar ní 1805, àwòrán rẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀ fún ẹgbàágbèje ilé.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni ti ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Amẹ́ríkà jà láti 1812 sí 1815. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1812, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Constitution ṣẹ́gun ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Guerriere. Àwọn amọ̀kòkò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà tẹ àwòrán ìjà yìí sára jọ́ọ̀gì, wọ́n sì tà á fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹni tí a ṣẹ́gun ni ó mọ àwo ìṣẹ́gun fún ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọjà ni amọ̀kòkò ń wò, kì í ṣe ẹni tí ó jàre.

Ogun Àgídìngbì

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ ogun ojú omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọ lu Èkó, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, wọ́n tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ Bloodhound àti Teazer. Àwọn ará Èkó fi àgbá àti ìbọn dáhùn. Ọkọ̀ Teazer fàyà lélẹ̀, kò lè lọ. Lẹ́yìn èyí, ìbọn oníná ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáná sun apá púpọ̀ nínú ìlú. Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò, Akíntóyè gorí oyè padà, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1852. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ìkórìíra òwò ẹrú tàbí ojúkòkòrò òwò epo ni ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá.

Orúkọ ni àwọn ará Èkó fi pa ogun náà mọ́. Wọ́n pè é ní Ogun Àgídìngbì, nítorí bí àgbá ti ń dún. Wọ́n sì tún pè é ní Ogun Àhóyaya, nítorí pé ìlú hó bí omi orí iná. Orúkọ méjèèjì kò sọ ẹni tí ó borí. Ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí ara rí ni wọ́n sọ. Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ kí orúkọ náà tó wà.

Ẹ̀rúnmu àti Àwo Tirẹ̀

Ẹ̀rúnmu jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ òkun kó wá dé àyíká rẹ̀. Nínú ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820, ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú rí rà láti etíkun ni wọ́n gbé wá; idà àti ọfà ni àwọn Òwu gbójú lé. Ìlú Òwu fọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n ká. Àwọn ọmọ Òwu wà ní Ẹ̀rúnmu. Oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tún ìlú náà tẹ̀ dó ni ó pa ìrántí ogun náà mọ́.

Àwo ìrántí tí ó wá wọ́pọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ogun. Níbi ìsìnkú àgbà, ìwúyè àti ìṣílé ni wọ́n ti ń pín abọ́ tánganran, ife tàbí ike tí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí lára. Fún àgbẹ̀ tí kò kàwé, abọ́ yìí lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ọjọ́ ikú rẹ̀ wà ní kíkọ. Ẹ̀rí gidi ni, ṣùgbọ́n ìlànà tí ó de jọ́ọ̀gì Liverpool de òun náà. Ọjọ́ ìsìnkú ṣe é gbà gbọ́, nítorí gbogbo àlejò ni ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ orí olóògbé yàtọ̀: àwọn ọmọ lè fi kún un fún ẹ̀yẹ. Orúkọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lè má ju ti àwọn tí ó dáwó lọ. Ọmọ tí kò rówó dá lè má sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ bíbí inú ni.

Ìkádìí

Ó yẹ kí olùwádìí da gbogbo ọ̀rọ̀ ara abọ́ kọ, kí ó béèrè ẹni tí ó pín in àti ẹni tí ó san owó rẹ̀, kí ó sì fi í wé oríkì ìdílé, ìwé ìjọ àti ẹ̀rí àwọn àgbà. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ falẹ̀. Tánganran a máa hó, irin inú rẹ̀ a sì dípẹtà. Nígbà tí abọ́ bá lu, ọwọ́ àwọn tí ń ra àlòkù irin ni yóò bọ́ sí. Bí abọ́ bá lọ, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bí àgbà tí ó mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ bá sì kú, kò sí abọ́ tí yóò sọ ọ́.