Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Wa: Owó Tí A Kò Ná



Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni ó ń gbin kòkó, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí ó sì ń fi owó ra tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Owó náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dé òpin oṣù, kí ẹ fi wé iye tí ẹ ń dá sí àpò ẹgbẹ́.

Ǹjẹ́ agbolé kan lè máa jẹ ẹ̀fọ́ tirẹ̀ nìkan yípo ọdún? Ó ṣeé ṣe fún ẹ̀fọ́ eléwé. Kò rọrùn fún tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti Òkè Ọya wá. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021: ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Akínyẹlé, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, àwọn oníṣòwò oúnjẹ láti Òkè Ọya dá ẹrù tí ń bọ̀ ní ìhà Gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó ní ewúro àti tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé kò dúró de ọkọ̀ kí ó tó rí ẹ̀fọ́ sè.

Ohun tí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí ọjà ni pé wọ́n ń gbin gbogbo irúgbìn lọ́jọ́ kan. Yóò hù pọ̀, yóò sì gbó pọ̀. Ẹ pín ilẹ̀ sí ebè pẹlẹbẹ 4, kí ẹ máa gbin ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Tẹ̀tẹ̀ ń tó fà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ewédú ní bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Kí ti àkọ́kọ́ tó tán, èkejì á ti dé.

Kí ebè má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀. Ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí i. Tútù rẹ̀ a máa jó irúgbìn. Ẹ po kóró tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Kóró ewédú le: ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sì sá a kí ẹ tó gbìn ín.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìdánwò gidi. Kí òjò tó dá, ẹ gé igi ewúro, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti múlẹ̀, a máa fara da ọ̀dá. Ẹ gbin gbúre àti amúnútutù sí ẹ̀bá kànga, níbi tí omi ń dà sí. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí ó so kóró fún ọdún tí ń bọ̀.

Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń ta ẹ̀fọ́ má bẹ̀rù: ọ̀pọ̀ ará ìgboro Ìbàdàn kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò dá oko sí, oníbàárà kò lè tán. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ irúgbìn tí ó dára, kí ó rán aṣojú lọ bèèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975 ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn, kí a lè jùmọ̀ rà á, kí a sì pín in.

Owó ẹ̀fọ́ tí kò bá lọ sí ọjà mọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé, kí akọ̀wé kọ ọ́ sí ìwé ìfowópamọ́ yín.