Bí A Ṣe Ń Rántí Àwọn Ẹni Wa Tí Ó Ti Lọ

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé, ẹ rọra kà á. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi, kí ẹ tó padà wá.

Nígbà tí ẹni wa bá kú, ilé á kún. Àwọn ará á wá kí wa. A ó ṣe àdúrà títí dé ti ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù á padà sí ilé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìrántí tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í gba ọ̀nà tí a rò wá.

Ẹ wà lóko, ẹ ń kọ ebè. Ẹ dúró kí ẹ nu òógùn. Lójijì ẹ rí i pé ọwọ́ òsì ni ẹ fi di ẹ̀yìn mú, bí bàbá yín ṣe máa ń ṣe. Tàbí ẹ gbọ́ ìró odó iyán ní ilé kejì, ó sì jọ ti ìyá yín: ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá, kí ó tó sinmi. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú yín.

Opó kan sọ fún wa ní kíláàsì pé ohun tí òun rántí jù nípa ọkọ òun kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní bí ọkọ òun bá ti oko dé, á fi ẹsẹ̀ kan gbá ẹsẹ̀ kejì lẹ́nu ọ̀nà kí iyẹ̀pẹ̀ lè gbọ̀n dànù. Pò, pò. Àwọn ọmọ á ní, "Bàbá ti dé." Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́, ojú sì tì í pé ó rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí ojú yóò fi tì í? Ẹni tí ó ń mú wa rẹ́rìn-ín nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀rín wà nínú ogún tí ó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan tí ó dùn wá. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù méje nígbà tí bàbá kú. Ọmọ náà kò mọ ohùn bàbá rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ní ohùn náà ti ń parẹ́ létí òun. Ojú ṣì wà, ìró ẹsẹ̀ ṣì wà, ohùn ti ń lọ.

Ìrántí tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọnù. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìdí kan nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọkùnrin ní Babátúndé bí bàbá àgbà bá kú kí a tó bí i, tí a fi ń sọ obìnrin ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Nínú ìdílé Mùsùlùmí, wọ́n lè fún ọmọ ní orúkọ bàbá àgbà gan-an. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, nítorí náà á máa pe ọmọ náà ní "Bàbá." Ọjọ́ tí ó bá ń bá "Bàbá" wí pé ó da ẹ̀kọ nù, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ti àwọn ìbejì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ ère kékeré fún un. Ìyá á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fún un ní oúnjẹ bí ó ti ń fún èyí tí ó wà láàyè. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn di Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n fi ère sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ní ìlú bí Ìlá Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà, fótò ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí èyí tí ó kú kò bá ya fótò rí, ayafótò á ya èyí tí ó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí òkú bá jẹ́ obìnrin, tí alààyè jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ẹlòmíràn lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò ní: ẹ mọ̀wé. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Ní 1921 ni ó jáde.

Ẹ kò ní láti kọ ìwé ńlá. Ẹ mú kàyé àti bíìkì. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sókè, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ "Ó jẹ́ ènìyàn rere." Gbogbo òkú ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: "Bí ó bá ń bínú, á máa gbálẹ̀." Opó wa kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ẹsẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni ó sì kà á sókè fún un.

Ẹni tí kò tíì lè kọ̀wé dáadáa, kí ó sọ ọ́ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí ọmọ bá a kọ ọ́. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wé kàyé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sí òkè níbi tí ikán àti òjò kò ní dé.