Jàǹbá Ìtànṣán: Kí Ni Ṣúgà Inú Ilé Lè Sọ?

Bí jàǹbá ìtànṣán átọ́ọ̀mù bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kan, dókítà á fẹ́ mọ bí ìtànṣán tó wọ ara aláìsàn ṣe pọ̀ tó. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ átọ́ọ̀mù a máa fi ohun tí ń wọn ìtànṣán há àyà. Ìyá tó wà ní ilé ìdáná kò ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ṣúgà.

Bí ìtànṣán bá gba inú hóró ṣúgà kọjá, á já àwọn èròjà rẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé ní méjìméjì á wá di anìkàngbé. Nínú omi, kíá ni irú wọn ń rí òmíràn so mọ́. Nínú ṣúgà gbígbẹ, wọ́n há síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ EPR, tó ń lo òòfà ńlá, ló ń rí wọn. Bí ìtànṣán bá ṣe pọ̀ tó ni àmì tí ẹ̀rọ náà ń yà ṣe máa ga tó.

Wọ́n ti lo ọ̀nà yìí rí. Ní 26 April 1986, ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kẹrin bú gbàmù ní iléeṣẹ́ átọ́ọ̀mù Chernobyl, ní Ukraine. Ọjọ́ kejì ni bọ́ọ̀sì kó àwọn ará Pripyat, ìlú tó wà nítòsí, jáde. Nakajima, onímọ̀ ará Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣúgà ìlú náà ṣírò ìtànṣán tó dé bá àwọn tó kó kúrò níbẹ̀.

Ṣúgà nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà o. Ohun tó dé ibi tí agolo wà ló ń sọ. Ẹni tó wà níta lásìkò náà lè ti gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti eyín wò pẹ̀lú. Ṣúgà kò sì wúlò fún ìtànṣán kékeré: X-ray àyà kan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gray (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara), ṣúgà kò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nǹkan bíi gray 1 tó bá bá ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ni àìsàn ìtànṣán ti ń hàn. Bó bá tó 4 láìsí ìtọ́jú, bí ìdajì àwọn tó bá ló lè kú.

Bí ìjọba bá ní kí ẹ kúrò nílé, ẹ kúrò; ẹ má padà wọlé torí ṣúgà. Ẹ kàn sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó wà nílé, àti ibi tó wà: lórí pèpéle ẹ̀bá fèrèsé ni, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù? Bí wọ́n bá wá mú un, kí ó ṣì wà nínú páálí tàbí agolo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ́ ọ lórí iná. Omi tilẹ̀ burú jù, torí bí ṣúgà bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń yòrò ni ẹ̀rí ń lọ. Ìtànṣán tó kàn gba inú rẹ̀ kọjá kì í sọ ọ́ di májèlé, ṣùgbọ́n eruku átọ́ọ̀mù lè ti bà lé e. Nítorí náà, ẹ má fi pò tíì.