Ẹ Wo Ọjọ́ Orí Táyà Kí Ẹ Tó Ná An

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù ilẹ̀ Yúróòpù ní Kọtonu, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Owó rẹ̀ kò tó ti tuntun, ìyẹn ló ń fa awakọ̀ mọ́ra. Ní Faransé, bí poro ara táyà bá ti kù ní mílímítà 1.6, òfin ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ti pé ó ti jẹ nìkan kọ́. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn: oòrùn àti afẹ́fẹ́ á mú un le, ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ má gbàgbé èyí tí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láti ọdún yìí wá.

Ẹ wá fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ tó kó èrò mẹ́sàn-án láti Kétu, ẹrù gègèrè lórí, ọ̀dà gbígbóná nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tún dín, ooru á pọ̀ sí i, á sì bẹ́. Bó bá jẹ́ ti iwájú, ọkọ̀ á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, ọwọ́ awakọ̀ kò ní ká a mọ́.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ni kí ẹ wò. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ní kó má kọjá ọdún 10. Ẹni tó ń tà á lè máà fi hàn yín. Òun fúnra rẹ̀ lè máà mọ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn.